Etí Ọ̀tún

Coal Camp, Enugu,
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun.

Hussein Ìyàndá, ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Ìyẹ̀rú Ọ̀kín,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kí ó máa bá ọ gbé, ìwọ àti ìyàwó rẹ àti gbogbo ará ilé yín ní Ọ̀fà. Ṣé ara le? Ṣé orúnkún rẹ kò yọ ọ́ lẹ́nu jù nínú ọyẹ́ yìí? Mo bẹ Ọlọ́hun kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìjókòó ayọ̀. Ní tèmi, mo ń jẹun, mo ń rìn, mo sì ń sùn. Ìyókù ni mo fẹ́ kọ sí ọ. Fara balẹ̀ kà á, má sì ké sí àwọn ọmọ rẹ pé kí wọ́n wá wo ohun tí Alárápé kọ. Ọ̀rọ̀ àwa méjì ni.

Mo mọ̀ pé o ti ń bínú. O pè mí títí, n kò gbé e. Ọwọ́ mi kò níí ṣẹ́ bí mo bá fi búra pé o ti sọ fún ìyàwó rẹ pé Alárápé ti di ará Enugu pátápátá, ó ti gbàgbé àwọn tí wọ́n jọ jìyà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyàndá, etí mi ti lọ. Etí ọ̀tún ni mo ń wí, èyí tó kù.

Ti òsì, ìwọ náà mọ ìtàn rẹ̀. Òòlù tí mo fi ń lu ara ọkọ̀ láti ìgbà èwe wa ló jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tán. Nígbà tí a jọ wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí èmi ń lu ọkọ̀ tó tẹ̀, tí ìwọ ń kùn ún lọ́dà, apá ọ̀tún mi ni o máa ń gbé àpótí ìjókòó rẹ sí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún ọ. Láti ìgbà tí o ti kó lọ sílé, kò sí ẹni tó mọ apá tó yẹ kí òun jókòó sí mọ́. Mo kàn ń yí ọrùn kiri láàárín ènìyàn bí adìyẹ tó wọ ilé onílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo kírun tán, mo ń fa tẹ̀sùbáà mi lọ́wọ́, ó kàn ṣe mí bí ẹni pé omi wọ inú etí náà. Mo gbọn orí, kò jáde. Ìgbà tó yá ni ariwo kan bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, àfi bí ẹ̀rọ tí àwọn fọkanáísà fi ń fẹ́ táyà. Màmá Ebuka, aládùúgbò mi tó ń ta ọ̀kpá, ọ̀lẹ̀lẹ̀ àwọn Ìgbò, lẹ́nu ọ̀nà wa, ní kí n da òróró lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i. Ó ní, "Papa, na dirt block am." Mo dà á. Ẹni tó ń ta oògùn ní ìkóríta fún mi ní èyí tí à ń kán sétí. Mo kán an. Ńṣe ni ohùn gbogbo ènìyàn wá dà bí ohùn ẹni tó wà ní yàrá kejì.

Ni mo bá gba ilé ìwòsàn ńlá kan lọ. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, gbogbo ayé ló mọ̀, ṣùgbọ́n ìjàkadì tí ènìyàn ń jà kí ó tó fojú kan dókítà etí ní ìlú yìí, ká ní wọ́n ń jà á nílé ni, à bá ti sá fún orò. Ọjọ́ kan ni mo fi gba káàdì. Ní ọjọ́ mìíràn, dókítà kékeré kan tan iná wo inú etí mi, ó ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ òun, ti ọ̀gá ni. Àwọn ọ̀gá yìí, wọ́n pọ̀ díẹ̀ tẹ́lẹ̀. Òmíràn ti jápa lọ sí Saudi, òmíràn ti jápa lọ sí London, ẹyọ kan ṣoṣo tó kù ń pín ara rẹ̀ káàkiri, Túsìdeè nìkan ló sì ń jókòó níbẹ̀. Ọmọbìnrin tó ń fúnni lọ́jọ́ sọ pé ó di oṣù tó ń bọ̀ kí àyè tó yọ. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "My daughter, this ear no fit wait." Ó ní, "Papa, everybody wey dey here dey talk the same thing. If doctor fit see una all today, e for see una." Mo wo ojú rẹ̀, ó ti rẹ òun náà. N kò bá a jà.

Àárín ìgbà tí mo ń retí ọjọ́ náà ni o pè mí, tí mo gbọ́ ọ kẹ́yìn. Mo ti fóònù mọ́ etí títí ó fi ń dùn mí. O ń sọ̀rọ̀ òbúkọ rẹ tó jẹ fìlà Àlùfáà nígbà tí bàbá náà ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. Mo gbọ́ ọ débi pé Àlùfáà gbé bùtá, ó gbá tẹ̀lé òbúkọ láìdé fìlà, ẹ̀rín sì ń pa ọ́. Ibẹ̀ ni ohùn rẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Mo ń rẹ́rìn-ín, Ìyàndá, kí o lè rò pé mo ń gbọ́. N kò sọ fún ọ pé nǹkan kan ń ṣe mí. Mo ní kí n jẹ́ kí dókítà rí i ná. Kò pẹ́ sígbà náà tí n kò gbọ́ ohunkóhun mọ́, àfi ariwo fọkanáísà yẹn.

Zulkifli ọmọ mi tẹ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ láti Port Harcourt pé kí n má dá lọ, kí n wá ẹni tẹ̀lé mi. Ta ni kí n wá? Màmá Ebuka ni mo rò, ṣùgbọ́n bí kò bá ta ọ̀kpá láàárọ̀, kí ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ? Mo ní kí n má yọ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́nu. Nígbà tí ọjọ́ pé, mo wọ bùbá aláwọ̀ ewé tí ìwọ náà mọ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, mo dé ibẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣí fèrèsé. Àwọn tó ṣáájú mi ti kún orí bẹ́ǹṣì.

Wá gbọ́ ohun tó ń pani lẹ́rìn-ín. Yàrá tó kún fún adití, nọ́ọ̀sì dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ń fi ẹnu pe orúkọ! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú sẹ́rìn-ín, àfi ìgbà tí mo rí i pé kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Kálukú ló mú ènìyàn rẹ̀ wá. Bí nọ́ọ̀sì bá ti ya ẹnu, ìyàwó á gún ọkọ rẹ̀ níhà, ọmọ á fa ìyá rẹ̀ láṣọ, wọn á dìde. Mo lọ bá nọ́ọ̀sì, mo nawọ́ sí etí mi pé n kò gbọ́ràn. Ó mi orí, ó sì nawọ́ sí bẹ́ǹṣì pé kí n lọ jókòó. Ta ni kò níí nawọ́ sí etí níbẹ̀?

Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ojú rẹ̀ ni mo wá tẹjú mọ́. Bí ó bá ti lanu, èmi a dìde. Òun a mi orí pé èmi kọ́, èmi a padà jókòó. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ títí àwọn ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì bo ẹnu rín mi. Ojú tì mí. Mo pinnu pé n kò níí dìde mọ́ àfi bí ó bá dá mi lójú. Ọmọ ọwọ́ kan sọ bàtà rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ǹṣì wa, mo bẹ̀rẹ̀ láti bá ìyá rẹ̀ mú un, mo sì pẹ́ díẹ̀ nílẹ̀ kí ọwọ́ mi tó tó o. Bóyá ìgbà náà ni wọ́n pè mí. Bóyá ìgbà mìíràn ni. N kò lè mọ̀.

Yàrá ń tú, mo rò pé ó ń kàn mí ni. Ẹni tó ń gbálẹ̀ gbálẹ̀ yí ẹsẹ̀ mi ká. Nọ́ọ̀sì jáde, ó ti gbé báàgì kọ́ apá, ó rí mi, ó ta gìrì. Ẹnu rẹ̀ ń lọ, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ. Ó wá mú bírò, ó kọ ọ́ sẹ́yìn káàdì mi pé àwọn pè mí títí, dókítà ti lọ. Ìyàndá, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Coal Camp lọ́jọ́ náà, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀. Mo sunkún lójú ọ̀nà, àgbàlagbà bíi tèmi, mo ń díbọ́n pé eruku ló kó sí mi lójú.

Wọ́n fún mi ní ọjọ́ mìíràn. Kí ó tó pé, àwọn òṣìṣẹ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́, dókítà rìnrìn àjò. Nígbà tó dé, àwọn tó ti ṣáájú mi pọ̀ lọ bí eṣú. Nígbà tí ó wá kàn mí lóòótọ́, Ummusalamah ọmọ Zulkifli ti gba ìsinmi, ó sì wá bá mi gbé díẹ̀. O mọ̀ pé Yorùbá rẹ̀ kò ju "ẹ káàárọ̀" àti "ebi ń pa mí" lọ. Kò tilẹ̀ ṣe nǹkan kan mọ́, ọ̀kan náà ni gbogbo èdè létí mi báyìí. Ó tẹ̀lé mi lọ. Apá ọ̀tún mi ló jókòó sí, ẹnikẹ́ni kò sọ fún un. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi, ó kàn gbé ọwọ́ lé mi lórúnkún ni. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo dìde, mo wọlé.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni dókítà náà, ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó lu irin kan tó ya ẹnu méjì mọ́ orúnkún ara rẹ̀, ó fi kàn mí lórí. Mo ń mọ̀ ọ́n lára bí ó ti ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n irin tí mo fi gbogbo ọjọ́ ayé mi lù, kò fọhùn sí mi mọ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ sínú ìwé, Ummusalamah gbé e fún mi. Ó ní irú èyí máa ń gbóògùn nígbà mìíràn bí wọ́n bá tètè rí i, pé ó ti pẹ́ jù báyìí, pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ etí gan-an kò lè ṣe nǹkan kan sí i. Ní ìsàlẹ̀, ó bi mí léèrè: Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò tètè wá?

Mo gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kọ ọ́ sábẹ́ tirẹ̀ pé: Mo wá. Ẹnu ilẹ̀kùn yín ni mo jókòó sí.

Ó kà á, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀. N kò bínú sí i. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà. Ká ní o wà níbí ni, ìgúnpá rẹ ìbá ti gún mi níhà lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ìwọ ìbá sì tún fi bú mi.

Ummusalamah ti padà sílé ìwé. Bí àsìkò ìrun bá tó, Màmá Ebuka, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, a wá sí ojú fèrèsé mi, a tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bí ẹni tó ń ṣe àdúà, kí n lè mọ̀ pé wọ́n ti pèrun. Ọlọ́hun yóò san án fún un. Ṣùgbọ́n ilé pa rọ́rọ́, ọ̀rẹ́ mi. Nígbà mìíràn mo máa ń gbé ọwọ́ lé ọ̀fun, kí n sọ Yorùbá díẹ̀ jáde, kí n lè mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀. O máa ní kí n máa bọ̀ nílé. Sàárè ìyá Zulkifli wà níhìn-ín, fi mí sílẹ̀ ná. Ìwọ náà, ojú rẹ tó ń ṣe bàìbàì yẹn, tètè gbé e lọ, má sì dá lọ.

Kọ ìyókù ìtàn òbúkọ yẹn sí mi. Ṣé ọwọ́ Àlùfáà bà á? Fìlà ńkọ́? Fi rán Dayọ̀, awakọ̀ tó ń bá ọ gbé lẹ́tà yìí wá, yóò mọ ilé.

Kí Ọlọ́hun dá etí rẹ sí, kí ó dá ojú rẹ sí, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí o pe ènìyàn kí o má rí ẹni. Kí ó jẹ́ kí a tún fojú kan ara wa kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmín.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń lu ọkọ̀ tí o ń kùn,
Abdulmajeed Alárápé.

Mo tún rántí: Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n sọ fún ọ ní Ọ̀fà pé kò sí ohun tí à ń pe adití fún. Máa pè mí ní Jímọ̀-Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun bí o ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Àpò àyà bùbá mi ni mo ń fi fóònù sí. Bí o bá pè, yóò máa gbọ̀n mọ́ mi láyà, èmi yóò sì mọ̀ pé ìwọ ni, nítorí kò sí ẹlòmíràn tó ń pè mí lásìkò yẹn. N kò níí gbé e. Má tètè pa á. Jẹ́ kí ó gbọ̀n títí yóò fi dákẹ́ fúnra rẹ̀.