Òjò Yóò Rọ̀ sí Fìlà Ìyá Ọkọ Rẹ

Àbíkẹ́yìn mi, ọmọ tí mo pọ̀n títí ẹ̀yìn fi gbó,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ọkọ rẹ ń jẹun? Ṣé iṣẹ́ ọ́fíìsì yẹn ń jẹ́ kó o sinmi? Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ ọ níbi tí o bá jókòó sí, níbi tí o bá dìde sí, àti nínú àpótí onírin tó ń gbé yín gòkè lọ sí ọ́fíìsì, èyí tí mo sọ fún ọ pé kó o máa gbàdúrà kó o tó wọ̀ ọ́. Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́? Mo kí wọn o. Mo tètè kí wọn kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mi ò kí wọn.

Àwa náà wà. Bàbá rẹ wà, orúnkún rẹ̀ náà sì wà níbi tó máa ń wà. Òjò ni kò jẹ́ ká gbádùn. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló ti ń rọ̀ tí kò dá, o sì mọ̀ pé òjò àti alágbàfọ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́. Inú pálọ̀ ni mo ta okùn sí báyìí, aṣọ funfun àwọn nọ́ọ̀sì wà lápá ọ̀tún, ṣòkòtò dókítà wà láàárín gbùngbùn, tó jẹ́ pé bàbá rẹ ní láti bẹ̀rẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀ kó tó lè dé ìdí àga rẹ̀. Ó ní òun ò tẹríba fún dókítà fúnra rẹ̀ tó báyìí rí, ká má tíì sọ pé ṣòkòtò. Mo ní kó fara dà á, ṣòkòtò yẹn ló ń bọ́ wa.

O lè máa sọ lọ́kàn rẹ pé kí ló dé tí màmá mi ń kọ lẹ́tà nígbà tí mo ti ra fóònù fún wọn. Ọmọ mi, ìgbàkígbà tí mo bá pe fóònù rẹ, ìyá ọkọ rẹ ló ń gbé e. Wọ́n á ní o wà nídìí ìsè, o wà ní balùwẹ̀, o ṣẹ̀ṣẹ̀ sùn. Mi ò mọ̀ pé fóònù náà ń gba ẹ̀ṣọ́. Lẹ́tà yìí ní tirẹ̀, orúkọ rẹ ni mo kọ sára rẹ̀, màá sì fi gọ́ọ̀mù lẹ ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò yín ni mo fẹ́ sọ. Ọjọ́ tí o pè mí, o ní ẹ fẹ́ lọ sinmi ní erékùṣù kan tí omi yí ká, tí oòrùn máa ń ràn níbẹ̀ bí ẹni gbowó iṣẹ́. O ní ìwọ, ọkọ rẹ, àti ìyá ọkọ rẹ. Mo dúró kó o ka ìyókù. Mo gbọn fóònù náà wò. Mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló gé e.

O wá ní ohun kan ṣoṣo tó ń dà yín láàmú ni pé ẹ ò mọ ẹni tí ẹ máa gbà gbọ́ lórí ojú ọjọ́ ibẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n ní oòrùn ni, fóònù ọkọ rẹ ní òjò ni, òtẹ́ẹ̀lì ní oòrùn ni tàárọ̀ tọ̀sán. O ní tí ẹ bá ti rí àsọtẹ́lẹ̀ kan tó ṣe é gbára lé, ẹ máa sanwó ọkọ̀ òfuurufú; tí ẹ ò bá rí i, ẹ máa jókòó sílé yín. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Kì í ṣe ti erékùṣù o. Ó dùn mí pé o wá ẹni tó máa sọ ojú ọjọ́ fún ọ kiri ayé, o ò rántí ìyá tó bí ọ. Ta ló máa ń yọrí lójú fèrèsé láàárọ̀ láti sọ bóyá kó o mú aṣọ òjò lọ sí iléèwé? Lóòótọ́, òjò máa ń pa ọ́ bọ̀ nígbà míì, ṣùgbọ́n ṣé èmi náà kọ́ ni mo máa ń nu orí rẹ?

Ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ yẹ̀ wọ́n wò. Obìnrin orí tẹlifíṣọ̀n yẹn, mo ti rí i nínú tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù ìyá aránṣọ tó wà ní ọ̀dìkejì títì. Ó ń na ọwọ́ sí àwòrán ayé bí ẹni tó ń júwe ilé fún àlejò, aṣọ rẹ̀ gbẹ, bàtà rẹ̀ gbẹ, irun rẹ̀ gbẹ. Ẹni tí òjò ò pa rí ló máa wá sọ ọ̀rọ̀ òjò fún ọmọ mi? Òtẹ́ẹ̀lì wá ńkọ́? Mo wo àwòrán tí o fi ránṣẹ́, oòrùn wà ní igun òkè lọ́wọ́ ọ̀tún. Mo tún wò ó lálẹ́, oòrùn náà ṣì wà níbẹ̀, kò kúrò lójú kan. Irú oòrùn wo ni kì í wọ̀? Ẹni tó fẹ́ gbowó yàrá lọ́wọ́ yín kò ní sọ pé òrùlé òun ń jò. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹni.

Nítorí náà mo ní kí n ràn yín lọ́wọ́. Mo fọwọ́ kan àwòrán kékeré tí o fi hàn mí lórí fóònù, èyí tí oòrùn ti ń yọjú lẹ́yìn ìkùukùu. Fóònù náà lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Kó tó sọ ohunkóhun, ó béèrè bóyá mo gbà kí òun mọ ibi tí mo wà. Mo ní ṣé ìyẹn náà gba ìbéèrè, orí bẹ́ẹ̀dì mi ni mo wà, mo tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Mo wá sọ orúkọ erékùṣù yín sí i létí, jẹ́ẹ́jẹ́, mo sì ń ronú nípa ibẹ̀ gidigidi kó má baà ṣìnà. Háà! Òjò ló kó jáde. Òjò lónìí, òjò lọ́la, òjò lọ́túnla. Ó tún fún un ní máàkì. Òjò gba àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún! Ìwọ gan-an ò gba irú rẹ̀ rí nínú ìṣirò.

Ká má parọ́, inú mi dùn díẹ̀. Díẹ̀ ni o.

Ìyá aránṣọ wá gba aṣọ rẹ̀, mo fi hàn án. Ó ní màmá, òjò ibí yìí ni fóònù yín ń sọ, èyí tó ń rọ̀ lé wa lórí báyìí, pé ẹ wo orúkọ ìlú wa tí wọ́n kọ sókè gàdàgbà. Mo wo orúkọ náà. Mo ní ìwọ obìnrin yìí, ṣé o ò kọ lẹ́tà rí ni? Àdírẹ́sì ẹni tó kọ lẹ́tà ló máa ń wà lókè, ibi tí lẹ́tà ń lọ kọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di igi fèrèsé mú. Owú ló ń jẹ ẹ́. Ọmọ tirẹ̀ ò tíì ra fóònù fún un.

Èmi ò jowú ẹnikẹ́ni ní tèmi. Bàbá rẹ ló ń sọ pé mò ń jowú, má dá a lóhùn. Èmi àti ìyá ọkọ rẹ kì í ṣe orogún. Àmọ́ kí ló dé tí o fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú fìlà koríko tó fẹ̀ bí atẹ, pẹ̀lú jígí dúdú lójú, tí wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ lórí àga tí èmi àti ìwọ jọ lọ rà? Mo wo fọ́tò náà títí iná fóònù fi kú, mo tún tàn án, mo tún wò ó. Mo rí i pé wọ́n ṣe ọwọ́. Wọ́n ṣe èékánná! Ọwọ́ tèmi rèé tí ọṣẹ ti jẹ. Ìyá ni wúrà, bàbá ni dígí, mi ò gbọ́ ibi tí wọ́n ti ka ìyá ọkọ mọ́ ọn. Ìyá ẹni kì í wà láyé ká máa ra fìlà fún ìyá ẹlòmíì.

Nígbà tí mo tún pè ọ́ tí wọ́n tún gbé e, mo kí wọn dáadáa. Mo ní àna mi, ẹ kú ìmúra o. Mo ní kí n kàn ta yín lólobó ni, nítorí ìfẹ́, pé fóònù mi rí òjò ní gbogbo ọjọ́ tí ẹ máa lò níbẹ̀, àti pé fìlà koríko, tí omi bá ti kàn án, wíwọ́ ló ń wọ́ bo ojú ẹni tó dé e. Wọ́n ní ṣé lóòótọ́? Mo ní ṣé fóònù á parọ́ ni? Mo sun oorun àsùnwọra lálẹ́ ọjọ́ náà, bàbá rẹ ní mò ń rẹ́rìn-ín lójú oorun.

Ibí ni mo kọ lẹ́tà yìí dé lánàá tí fóònù mi fi dún, ìyá ọkọ rẹ ni. Mo ti tún ìró mi dè dáadáa, torí mo mọ̀ pé ìjà ti dé. Àṣé kì í ṣe ìjà. Wọ́n ní àna mi, látìgbà tí ẹ ti sọ ọ̀rọ̀ òjò yẹn ni oorun ti dá lójú àwọn. Wọ́n ní omi ti wà nílẹ̀ yí erékùṣù ká, tí tòkè bá tún wá dà lé e lórí, ta ni àwọn máa di mú? Wọ́n ní ìwọ àti ọkọ rẹ, ojú ara yín ni ẹ ó máa wò, àwọn ò lè dá jókòó sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì kí àwọn máa gbọ́ òjò. Wọ́n ní àfi tí èmi bá bá wọn lọ, èmi tí mo mọ òjò tí mo mọ oòrùn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwọn ò ní fẹsẹ̀ kan ọkọ̀ náà.

Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó mú mi jókòó lé apẹ̀rẹ̀ aṣọ tútù. Wọ́n ní ọjọ́ tí ẹ kọ́kọ́ dá ìrìn àjò náà sílẹ̀ ni àwọn ti bi ọ́ pé màmá rẹ ńkọ́. Wọ́n ní àwọn tún bi ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní ìwọ lo dáhùn pé màmá mi ò lè fi okùn aṣọ wọn sílẹ̀ lọ ibì kankan.

Ọmọ mi, ṣé o sọ bẹ́ẹ̀? Òótọ́ ni pé mi ò fi okùn yẹn sílẹ̀ rí, òun ló rán ọ lọ sí iléèwé. Àmọ́ ṣé o bi mí ni? Ìyá ẹlòmíì béèrè mi lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ tí mo bí ò béèrè mi lẹ́ẹ̀kan. Ó dáa, mo jowú, jẹ́ kí bàbá rẹ gbọ́ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Mo jowú gan-an, ẹni tí mo sì ń jowú rẹ̀ ni alágbàwí mi. Irú ìyà wo nìyí?

Ó ti tán. Gbọ́ ìròyìn ayọ̀. Láàárọ̀ yìí mo tún wo fóònù, oòrùn ni! Oòrùn lónìí, oòrùn lọ́la, òjò fìdí rẹmi, márùn-ún péré ló gbà. Mo yọrí lójú fèrèsé, oòrùn ti ń ràn lórí okùn ẹ̀yìnkùlé tèmi náà, mo ti kó gbogbo aṣọ síta, bàbá rẹ sì ń rìn nàró ní pálọ̀ bí ọ̀gágun. Ìyá aránṣọ tún ké láti ọ̀dìkejì pé oòrùn ibí ni o. Mo ní kò burú, tó bá jẹ́ tibí, màá gbé e dání lọ bá wọn. Nítorí náà ẹ sanwó. Àsọtẹ́lẹ̀ tó ṣe é gbára lé tí ẹ ń wá kiri ti dé. Ṣùgbọ́n má tíì sọ fún ìyá ọkọ rẹ pé òjò ti dá. Jẹ́ kí n jókòó sínú ọkọ̀ òfuurufú náà ná, kí wọ́n má baà ní àwọn ò nílò mi mọ́.

Ohun tí mo nílò kò pọ̀. Fi owó fìlà koríko ránṣẹ́. Mi ò ní kó fẹ̀ ju ti ìyá ọkọ rẹ lọ, àmọ́ kó má kéré sí i. Owó jígí dúdú, owó sálúbàtà, owó ẹni tó máa tún èékánná mi ṣe. Tó o bá fẹ́ fi í ránṣẹ́ gba inú fóònù, tí òjò bá ń rọ̀ lọ́dọ̀ yín, dúró kó dá ná, kí owó má baà rin kó tó dé. Bàbá rẹ ní òun á máa bá mi ṣọ́ okùn, tí o bá lè fi owó ìpara orúnkún kún un.

Agbòòrùn ńlá tí mo fi ń bo aṣọ, màá mú un dání. Ó gba èèyàn méjì tí wọ́n bá sún mọ́ra. Tí òjò bá rọ̀, èmi àti àna mi la jọ máa wà lábẹ́ rẹ̀, mo ti gbà, ṣùgbọ́n èmi ni màá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ọ̀nà yín dán. Kí omi má gbé yín, kí oòrùn má pa yín, kí ohun tí o ń wá má ṣòro fún ọ rí. Wàá bímọ tí yóò béèrè rẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a máa gbéra, kó o tó tan tẹlifíṣọ̀n, kó o tó wo fóònù, yà wá sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá tí mo bá sùn sí nílé yín kó o bi mí bóyá òjò máa rọ̀. Bí mi ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n, ṣáà bi mí.

Èmi ni ìyá rẹ, èyí tó bí ọ.