Sípíríǹgì Kì Í Tẹ Orí Bátìrì

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Mo kí Àǹtí Bọ́lá àtàwọn ọmọ. Ọyẹ́ mú níbí, ètè mi ti là, ṣùgbọ́n ara le.

Bàbá, lẹ́tà kẹta rèé láti ìgbà tí mo tún rédíò yín ṣe tí mo fi í rán dẹ́rẹ́bà sí yín ní Ọ̀mù-Àrán. Ẹ ò fèsì. Dẹ́rẹ́bà ló padà wá sọ pé rédíò ò fọhùn, pé ẹ ní ọdún mẹ́ta tí mo fi kọ́ṣẹ́ ní Ìlọrin, òfo ni. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ìyàwó onílé mi ládùúgbò Gàmbàrí níbí gbé wàrà wá pé kí n jẹ, mi ò lè jẹ ẹ́.

Nígbà tí ara mi balẹ̀ ni mo bi dẹ́rẹ́bà bí ẹ ṣe ki bátìrì sí i. Ó ní ẹ kọ orí gbogbo wọn sí sípíríǹgì, pé ẹ ní orí ní í ru ẹrù. Bàbá mi, ìdí bátìrì, ibi pẹrẹsẹ yẹn, ni sípíríǹgì ń tẹ̀. Nígbà tí mo ń tún un ṣe ni mo ti fura pé ohun tó jó rédíò yín lákọ̀ọ́kọ́ nìyẹn. Ẹnu mi ò gbà á láti wí fún bàbá mi pé wọ́n ṣì í, ni mo bá rọra fi dáyóòdù kan sínú rẹ̀.

Dáyóòdù ò ju ẹ̀wà lọ, ó ní ìlà funfun létí kan. Ọ̀dọ̀ ìlà yẹn ni iná ń gbà jáde. Bí iná bá fẹ́ gba ibẹ̀ wọlé, kò ní jẹ́ kó kọjá. Ọ̀gá mi ní kò mọ̀ ju ọ̀nà kan lọ, kò sì gbẹ̀bẹ̀. Nítorí náà, rédíò yín ò bàjẹ́. Iná tó gba òdì ló dá dúró, kó má baà tún jóná.

Àárò yín ń sọ mí. Bí àwọn ará ilé onílé mi bá jókòó yí àwo túwó ká, yàrá mi ni mo ń wọ̀ lọ. Rédíò tó ń sọ̀rọ̀ kún ṣọ́ọ̀bù wa, kò sí èyí tó ń pe orúkọ mi. Èmi náà ti fẹ́ dà bíi dáyóòdù: ọ̀rọ̀ ń ti ọ̀dọ̀ mi jáde, kò sí èyí tó ń wọlé.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé. Ẹ yí bátìrì padà, ìdí sí sípíríǹgì. Bó bá fọhùn, Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ̀yin náà fọhùn.

Èmi ni ọmọ yín,
Káyọ̀dé