Àwọn Ayékòótọ́ Ti Sọ̀kalẹ̀ Lọ

Yakomanda,
Lókè.

Lapyo, àbúrò mi,

Mo kí ọ o. Ṣé ara rẹ le, ṣé iṣẹ́ èbúté ń lọ déédéé? Ara tiwa ṣì le, ṣùgbọ́n ọkàn wa ò balẹ̀, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún ọ.

Igi Bàbá tanná lọ́dún yìí bí ẹni pé kò ní tanná mọ́ láyé. O mọ̀ bí àwọn ayékòótọ́ pupa ṣe máa ń ya bò ó láàárọ̀, tí wọ́n á máa pariwo, tí wọ́n á máa fi ahọ́n onírun wọn lá omi dídùn inú òdòdó. Lọ́tẹ̀ yìí, òjò ò rọ̀, inú òdòdó gbẹ. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n dákẹ́, wọ́n sì gba ọ̀nà àfonífojì lọ.

Ìwọ náà mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ níbí. Bí wọ́n bá ti sọ̀kalẹ̀, ìrì dídì ń bọ̀ wá pa ọ̀dùnkún nìyẹn, kí kálukú kó tọmọ tẹlẹ́dẹ̀ tẹ̀lé wọn lọ bá àwọn àna nísàlẹ̀. Ará ilé Kepa, aládùúgbò wa, ti lọ. Ewé ọ̀dùnkún tiwa ti ń dúdú létí odò.

Bàbá ni ò lọ. Àgọ́ ewé tó fi ń dọdẹ lórí igi ló wà láti àfẹ̀mọ́júmọ́, ọfà lọ́wọ́. Ó ní òun ṣèlérí ìyẹ́ ayékòótọ́ pupa tí a ó fi ṣe adé ìgbéyàwó rẹ fún ọ, òun ò ní mú ọwọ́ òfo pàdé àna rẹ. Màámá dúró nídìí igi, ó ní, "Baálé mi, ṣé ìyẹ́ la ó sè fáwọn ọmọ jẹ?" Bàbá dáhùn látòkè pé, "Ẹ máa lọ, ẹ bá mi kí wọn. Ẹyẹ tó bá mọ̀ mí á padà." Màámá ní bí òun bá fi í sílẹ̀, òun ò ní bá a láàyè, lòun náà bá jókòó. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an.

Ìwọ lo ni ìlérí yẹn, ìwọ nìkan lo lè tú u. Ránṣẹ́ sí i pé o ò fẹ́ ìyẹ́ mọ́, tàbí kí o kúkú wá fúnra rẹ. Má wo ìtìjú. Aláàyè ló ń dé adé.

Kí ọ̀nà rẹ dán. Kí àwọn baba tó wà nínú ilẹ̀ wa má jẹ́ ká sunkún ara wa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ tó pọ̀n ọ́ dàgbà,
Imali

Àfikún: Mi ò tíì lẹ lẹ́tà yìí tí ẹyẹ kan fi padà. Abẹ́ igi la ti rí i, kò lè fò mọ́, ó fúyẹ́ bí ewé gbígbẹ. Bàbá sọ̀kalẹ̀ látorí igi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní aṣíwájú ni, àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn. Ó ti tú gbogbo ẹrù tí Màámá dì. Ó ní kí n sọ fún ọ pé ìyẹ́ àkọ́kọ́ ti wà nílẹ̀.