Iyọ̀ Inú Ìkòkò Wa

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àìrójú. Ṣé ìyàwó yín àtàwọn ọmọ wà dáadáa? Eyín kejì ti hù lẹ́nu ọmọ mi. Ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ tó wú ti lọ sílẹ̀, ó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ bíríkìlà.

Ẹ má bínú, Màámi tó wá bá mi tọ́jú ọmọ ti sú mi! Ìkòkò kan ni mo fi ń se oúnjẹ gbogbo wa. Mo máa ń bu ti ọmọ, màá fi ṣíbí tẹ̀ ẹ́ kó rọ̀, kí n tó fi iyọ̀ sí tiwa. Àmọ́ bí mo bá yíjú báyìí, Màámi á ti da iyọ̀ sí gbogbo ẹ̀. Wọ́n á ní, "Oúnjẹ yìí tẹ́." Mo bẹ̀bẹ̀, mo pariwo, mo gbé iyọ̀ pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n lọ ra tiwọn!

Lánàá mo tètè bu ti ọmọ, mo ní kí wọ́n fi iyọ̀ tó bá tẹ́ wọn lọ́rùn sí tiwa. Ọkọ mi tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. Màámi jẹ tiwọn tán, wọ́n ní, "Ó ṣì tẹ́ díẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi, agídí ni mo pè é látọjọ́ yìí. Ẹnu wọn ni ò mọ iyọ̀ mọ́.

Tiyín ni wọ́n ń gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n, kí wọ́n gbà kí dókítà yẹ̀ wọ́n wò. Ọlọ́run á dá yín sí fún wa.

Èmi àbúrò yín, tó ń gbé iyọ̀ pamọ́ fún ìyá rẹ̀.