Iná tí Harlan Fẹ́ Fi Ṣe Wá Lálejò

Ibùdó Harlan,
Ẹ̀bá Oko Ẹ̀wà,
Missouri.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Keje, 2019.

Nadine, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Orúnkún rẹ ńkọ́? Ṣé dókítà ti gbà kí o máa gun àtẹ̀gùn? Àwọn ọmọ ọmọ rẹ ńkọ́, pàápàá èyí tí kì í jẹun àfi tí mo bá sọ̀tàn fún un? Orville ọkọ mi ní kí n kí ọ. Ara àwa náà dá ṣáṣá.

Kí ẹlòmíràn tó sọ fún ọ pé mo dójú ti Harlan àbúrò rẹ, jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́. Ìwọ lo sáà ní kí á lọ ṣe àlejò àkọ́kọ́ ní ibùdó tó ṣe sínú oko ẹ̀wà rẹ̀ fún àwọn tó ń gbé inú ọkọ̀ ilé bíi tiwa, kí n sì bá ọ fojú sí i.

Ó ku ọ̀la kó ṣí ibùdó náà nígbà tí a dé. Ooru mú débi pé ajá wa kò fẹ́ fẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Páì èso písì ni Harlan fi pàdé wa. Ó gba wáyà ọkọ̀ ilé wa lọ́wọ́ Orville, ó lóun fẹ́ fọwọ́ ara òun kì í bọ òpó iná. Joleen ìyàwó rẹ̀ ti gbé fóònù sókè láti ya fọ́tò. Ni mo bá ní kí wọ́n dúró ná, mo wọlé lọ mú míta kékeré tí mo fi ń wọn iná.

O mọ̀ mí. N kì í ki wáyà bọ ibikíbi láìwọn iná rẹ̀, ì báà ṣe ọgbà ìjọ. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ilé wa la tà ra ọkọ̀ yìí. Bó bá jóná, abẹ́ igi la ó máa sùn.

Harlan fajú ro. Ó ní, "Àǹtí Verlene, ṣé ẹ rò pé mo fẹ́ fi iná pa yín ni? Àbí ajá ló máa kọ́kọ́ tọ́ páì mi wò kí ẹ tó jẹ ẹ́?"

Orville ń tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ pé kí n fi sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ti ẹnu míta bọ ihò sọ́kẹ́ẹ̀tì ara òpó náà. Ọgọ́fà fóltì ni ọkọ̀ ilé bíi tiwa ń lò. Òjìlúgba ni míta sọ. Mo tún un wọ̀n, kò yí padà. Fíríìjì, amúlétutù, tẹlifíṣọ̀n, gbogbo wọn ni ì bá bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Dwight, àbúrò Joleen, ló ṣe iná ibùdó náà. Ilé gbígbé ló máa ń ṣe iná sí. Ó rí i pé sọ́kẹ́ẹ̀tì náà jọ ti ẹ̀rọ tí a fi ń gbẹ aṣọ, ó sì fún un ní iye iná tó máa ń fún ẹ̀rọ aṣọ. Ó ní aṣọ ẹnikẹ́ni kò jóná rí. Mo ní òótọ́ ni, ṣùgbọ́n a ò wá síbí láti gbẹ Orville.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Harlan wo àwọn òpó iná tó tò lọ nínú oko. Màlúù bàbá yín ló tà láti fi ṣe ibẹ̀, àwọn àlejò sì ń bọ̀ lọ́jọ́ kejì tọmọtọmọ. Ó yí padà, ó lọ. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo rò pé mo ti pàdánù òun àti ìwọ pọ̀, Orville náà sì ti ń palẹ̀ mọ́ ká máa lọ.

Àṣé ó lọ pa kọtáòtù ńlá tó ń gbé iná wá sí gbogbo òpó ni. Ó gbé àpótí irinṣẹ́ dé, ó sì ní kí Dwight bọ́ sí i. Òpó tí Dwight bá tún ṣe, mo ń wọ̀n ọ́n, Dwight fúnra rẹ̀ ni yóò sì ké "Ọgọ́fà!" bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. A jẹ páì náà tán kí oòrùn tó wọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, tọkọtaya kan kò tíì dúró tán tí ọkọ fi sáré lọ ki wáyà bọ òpó. Harlan di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ dúró ná, sà. Àǹtí mi ò tíì wọ̀n ọ́n lónìí."

Nadine, omi bọ́ lójú mi.

Fọ́tò tí Joleen yà nígbà tí mo kúnlẹ̀ nídìí òpó ti wà lára ògiri ọ́fíìsì wọn. Ìdí mi ló gba ibẹ̀ jù.

Bá mi kí Floyd ọkọ rẹ àti gbogbo àwọn ọmọ. Ó yẹ ká ti kúrò níbí, ṣùgbọ́n Harlan yá míta mi, ó sì kọ̀, kò dá a padà. Ó ní ọjọ́ tí ìwọ bá wa ọkọ̀ ilé tìrẹ dé ni òun máa fún mi. Ó sì mọ̀ dájú pé n kò lè ki wáyà bọ ibòmíràn láìsí i. Jọ̀wọ́, tètè máa bọ̀.

Èmi ni tìrẹ, ẹni tí àbúrò rẹ sọ di ẹlẹ́wọ̀n,
Verlene