Ìwé Kan Tí Wọn Kò Fọwọ́ Sí

Màámi ọ̀wọ́n,

Ilé-ìwé tí mò ń rò fún yín kí ẹ tó lọ ti bọ́ lọ́wọ́ mi. Ọjọ́ Jimọ̀ tó kọjá ló bọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni mo kọ́kọ́ fẹ́ pè ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé á ní kí n máa dúpẹ́ pé mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìdí nìyí tí mo fi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì nínú yàrá tí mo rẹ́ǹtì ní Becontree, tí mò ń kọ ọ́ sí yín.

Ẹ mọ̀ pé mi ò tíì di nọ́ọ̀sì gan-an níbí. Mo ju ẹni tó kàn ń wẹ àwọn àgbàlagbà lọ, mi ò sì tó nọ́ọ̀sì. Mo lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò, mo lè di egbò, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá le, àfi kí n dúró de nọ́ọ̀sì. Ilé-ìwé yìí ni afárá tí irú wa fi ń sọdá. Ọdún méjì ni, èèyàn á máa ṣiṣẹ́, á máa lọ sí yunifásítì, á sì gba dìgírì.

Ìyá àgbà kan wà ní ilé ìtọ́jú wa, Doris lorúkọ rẹ̀. Ìjókòó mọ́tò ló ń rán ní Dagenham títí ó fi fẹ̀yìn tì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a tí mímí rẹ̀ ti yí padà. Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Mo pe ọkọ̀ ọ́sípítù, mo pe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì wà lókè lọ́dọ̀ ẹni tó ṣubú. Mo kàn di ọwọ́ Doris mú ni. Kò kú, mo dúpẹ́. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni mo gba fọ́ọ̀mù.

Màámi, bí mo ṣe di ọwọ́ rẹ̀ mú yẹn, ẹ̀yin ni mò ń rò. Lọ́jọ́ tí ẹ pè mí kẹ́yìn, ẹ ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ọ̀tún ń dùn yín, ó wú, ó sì ń gbóná. Mò ń sáré bá bọ́ọ̀sì. Mo ní kí ẹ sinmi, kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sórí ìrọ̀rí. Ọjọ́ kẹta ni ẹ̀gbọ́n mi pè. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú yín, nétíwọ́ọ̀kì sì já kí wọ́n tó gbé yín sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fi ọgbọ̀n ọdún tọ́jú aláìsàn láì gbàwé nọ́ọ̀sì, ṣé ẹ ò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ló dì sí yín lẹ́sẹ̀ ni? Àbí ẹ mọ̀, tí ẹ kàn ń retí kí èmi náà mọ̀ ọ́n?

Yunifásítì gbà mí. Ìwé kan ṣoṣo ló kù, èyí tí ibi iṣẹ́ máa fi sọ pé àwọn yọ̀ǹda mi, àti pé nọ́ọ̀sì kan á máa mójú tó mi. Mánẹ́jà wa ní kí n fi í sórí tábìlì òun. Kó tó fọwọ́ sí i, wọ́n ta ilé náà fún ẹlòmíràn, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Mo lọ bá mánẹ́jà tuntun lẹ́ẹ̀marùn-ún.

“Gbogbo nǹkan ò tíì fìdí múlẹ̀,” ló ń sọ. “Kò sí ohun tí mo lè ṣe sí i.”

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó tiẹ̀ po tíì fún mi. Mi ò sì lè bínú lọ, torí ọwọ́ wọn ni físà mi wà. Yunifásítì ní àwọn á dúró dè mí di ọ̀sán ọjọ́ Jimọ̀. Ọ̀sán pé, ilẹ̀kùn ọ́fíìsì wà ní títì, èmi ń fi ṣíbí bọ́ bàbá kan.

Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Barking, wọ́n ti bá mi gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n pè mí síwájú kí n wá dúpẹ́ nítorí ilé-ìwé. Wọn ò tíì mọ̀ pé ó ti bọ́. Mo jó, Màámi. Mo wọ sùtánà funfun mi, mo sì jó.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n mú nọ́ọ̀sì tuntun wá, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Wọ́n ní kí n mú un mọ iṣẹ́. Mo fi bí a ṣe ń yí Doris láì fa awọ ara rẹ̀ hàn án. Mo sọ ẹni tó ń fi oògùn pamọ́ sábẹ́ ahọ́n fún un. Ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ó wá wò mí, ó rẹ́rìn-ín.

“Àǹtí, ẹ mọ everything, I swear. Kí ló dé tí ẹ ò kàn ṣe nọ́ọ̀sì?”

Ọmọ náà ò ní in lọ́kàn láti bú mi. Mo ní kó fọwọ́, ká kọjá sí yàrá kejì.

Àwọn tó ń ti ilé-ìwé nọ́ọ̀sì wá bá yín lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹ̀ ń kọ́, tí wọ́n wá ń dọ̀gá lé yín lórí, ṣé wọ́n bi yín ní irú ìbéèrè yìí rí? Kí lẹ dá wọn lóhùn?

Èmi ni,
àbíkẹ́yìn yín, tí ẹ máa ń pè ní Nọ́ọ̀sì Kékeré.