Ihò Bóòtì Mẹ́wàá

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹta
Arúgbó, ọkọ̀ Bàámi, ti dákú. Mo ṣí ìdérí ọ́ìlì ọkọ̀ náà láàárọ̀, ohun tí mo bá níbẹ̀ dà bíi tíì tí wọ́n bu mílíìkì sí. Èéfín funfun ń tú nídìí rẹ̀. Omi àti ọ́ìlì ti pàdé — gáskẹ́ẹ̀tì abẹ́ tọ́ọ̀pù, ìyẹn orí ẹ́ńjìnnì, ló jó. Ká tú orí ẹ́ńjìnnì kúrò, kí wọ́n bá wa fá ojú rẹ̀ kó tẹ́jú, ká fi gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, ká dè é padà. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún Bàámi, wọ́n ń mi orí. Ọkàn mi ti wà nídìí sípánà. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń tọ́jú ọkọ̀ yìí, láti ìgbà tí ọwọ́ Bàámi ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n.

Wọ́n ní, "O ṣeun, ìyá mi." Wọ́n mú fóònù. Wọ́n pe Àyànfẹ́.

Àyànfẹ́ — àbúrò mi ọkùnrin. Orúkọ tí mo fún un nínú ìwé yìí nìyẹn, kò mọ̀, kò sì gbọdọ̀ mọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ní gáréèjì ńlá kan lọ́nà jíjìn, níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń sọ fún wọn ohun tó ń ṣe mọ́tò.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3
Ó ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Bàámi ti lọ gẹ irun.

Ọjọ́bọ̀, 5
Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ọ̀rọ̀ àpótí pupa ni. Irinṣẹ́ Bàámi láti ọjọ́ pípẹ́ wá ló wà nínú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í kúrò lọ́rùn wọn. Àwa méjèèjì ni wọ́n kọ́ níṣẹ́. Nígbà tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù alùpùpù mi, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi. Wọ́n ní kò tíì tó àkókò. Mo ra sípánà tèmi ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ra iyọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 6
Ó dé. Bàtà funfun. Ta ló ń wọ bàtà funfun wá tú ẹ́ńjìnnì? Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi — "Ẹ kú ilé, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò dàgbà rárá." Ẹnu dídùn, bí ìgbà gbogbo. Kò tíì mu omi tán tí Bàámi fi bọ́ kọ́kọ́rọ́ lọ́rùn, tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́. Wẹ́rẹ́, báyìí.

Wọ́n ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Tèmi ti ku egungun. Mo da ata sí oúnjẹ rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní ó dùn, ó tún bu sí i.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7
Tọ́ọ̀pù ti kúrò, ó ti gbé e lọ fún àwọn tó máa fá a. N ò ní purọ́ fún ìwé: ọwọ́ rẹ̀ yá.

Tí wọ́n bá gbé tọ́ọ̀pù, omi máa ń ṣàn wọ inú ihò àwọn bóòtì tó ń dè é mọ́ ẹ́ńjìnnì. Ihò mẹ́wàá ló wà lára Arúgbó. Bàámi kọ́ wa láti kékeré: wé àkísà mọ́ wáyà, tì í bọ ihò kọ̀ọ̀kan kó fa omi rẹ̀ gbẹ, kí o sì kà á sókè kí gbogbo ilé gbọ́. Ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá. Ẹni tí kò bá kà á sókè kò tíì ṣe é. Nítorí omi kì í fún pọ̀. Tí bóòtì bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ nínú ihò, irin ló máa là.

Ọjọ́ Àìkú, 8
Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín ní fàráǹdà. Mo tún abọ́ tó ti mọ́ fọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 9
Mo ní mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Mo dé ìkóríta, mo rántí pé n ò mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, mo gba ẹnu ọ̀nà iwájú padà wọlé. Bàámi ti sùn lọ lórí àga. Láti fèrèsé kíṣìnnì, mo rí Àyànfẹ́ nìkan nídìí ọkọ̀, tọ́ọ̀pù tí wọ́n ti fá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ti nu ojú bọ́lọ́ọ̀kì, ara ẹ́ńjìnnì tó kù nínú ọkọ̀, títí ó ń dán. Mo dúró kí n gbọ́ kíkà.

Kò kà. Ó ń súfèé. Ó gbé gáskẹ́ẹ̀tì, ó gbé e lé e. Kó tó gbé e lé e, mo rí omi nínú ihò tó kángun sí mi, oòrùn ń tàn sí i.

Fèrèsé wà ní ṣíṣí. Gbólóhùn kan péré ni: "Àbúrò mi, o ò tíì kà á." Ó máa rẹ́rìn-ín, ó máa dúpẹ́, ó máa nù ún. Bàámi máa jí bá ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́, àpótí pupa á sì di tirẹ̀ títí láé.

Mo mú kọ́kọ́rọ́ mi. Mo lọ. Inú mi dùn lójú ọ̀nà — mo kọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìrọ̀lẹ́: mo bá wọn ní ìjókòó. Àyànfẹ́ ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló dún, "kàá", níbi tó ti ń dè é. Bọ́lọ́ọ̀kì ti là láti òkè dé ìsàlẹ̀. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. Mo ní "háà", bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́.

Ọjọ́rú, 11
Wẹ́dà wá wò ó, ó ní kò ṣeé jó. Àyànfẹ́ sunkún bí ọmọdé. Ó lọ lọ́sàn-án, ọ́ìlì ti ba bàtà funfun jẹ́. Mo rò pé ara á tù mí. Bàámi gbá a mọ́ra lẹ́nu géètì, ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó fi í sílẹ̀. Bó ṣe ba nǹkan jẹ́ tó yìí, òun náà ni wọ́n ṣì ń gbá mọ́ra. Mo tún jowú.

Ọjọ́ Ẹtì, 13
Bàámi pè mí láàárọ̀ yìí. Wọ́n gbé àpótí pupa lé mi lẹ́sẹ̀, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tí Àyànfẹ́ dá padà lé e. Wọ́n ní, "Ìwọ ló yẹ kí n pè." Wọ́n ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́ pé mo mọṣẹ́ jù ú lọ, ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta ni àwọn ò ti fojú kan ọmọ náà, kò sì sí ohun mìíràn tó lè mú un wálé yàtọ̀ sí ọkọ̀ tó bàjẹ́. "Ìwọ wà níbí, ìyá mi. Mi ò nílò kí n wá ẹ̀tàn pè ọ́."

Ohun tí mo fi ọdún mọ́kànlá wá, ó wà lẹ́sẹ̀ mi.

Wọ́n ní, "Ohun kan ṣoṣo ni kò yé mi. Ó ní òun ka ihò wọ̀nyẹn dé ẹ̀wá."

Kí n tó ronú, mo ní, "Irọ́ ni. Kò ka ẹyọ kan."

Ẹyin lohùn. Bàámi wò mí.

"Ṣọ́ọ̀bù lo wà lọ́jọ́ Ajé."

Wọn ò gba kọ́kọ́rọ́ padà. Wọ́n dìde, wọ́n di ògiri mú, wọ́n lọ jókòó sínú Arúgbó, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ọ̀sán ti pọ́n, wọn ò tíì jáde. Àpótí wà lórí bẹ́ẹ̀dì mi. N ò tíì ṣí i.